Ọmọ Ọdún Mélòó Ni Ilé Ayé? Ìgbésí Ayé Arthur Holmes

Nínú Bíbélì tí wọ́n ń lò nílé àwọn òbí Arthur Holmes, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó di onímọ̀ jiọ́lọ́jì (ìmọ̀ nípa òkúta àti ilẹ̀), wọ́n tẹ ọdún kan sí etí ojú ìwé tí Jẹ́nẹ́sísì ti bẹ̀rẹ̀: 4004 ṣáájú ìbí Jésù. Bíṣọ́ọ̀bù àgbà kan ní Ireland, James Ussher, ló ṣírò rẹ̀ ní 1650. Ó ka iye ọdún tí àwọn baba ńlá inú Bíbélì lò láyé, ó fi wé ìtàn àwọn ọba àtijọ́, ó sì fẹnu ọ̀rọ̀ jóná síbi pé alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá ọdún yẹn ni Ọlọ́run bẹ̀rẹ̀ sí í dá ayé. Ọmọdé ni Holmes nígbà tó rí i. Kì í ṣe pé iye náà pọ̀ jù tàbí pé ó kéré jù ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Mẹ́rin tó gbẹ̀yìn yẹn ló ń dà á láàmú. Kí ló dé tí kò fi jẹ́ 4000 géérégé? Ta ló ka mẹ́rin tó lé yẹn, báwo ló sì ṣe kà á?

Mo fẹ́ràn ìbéèrè ọmọ yẹn gan-an. Ilé onígbàgbọ́ ni wọ́n ti tọ́ èmi náà dàgbà, mo sì mọ bó ṣe máa ń rí lára ọmọ láti bi àgbà léèrè pé, "Báwo lẹ ṣe mọ̀?" Ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni àwọn òbí Holmes, ẹni tó ń bẹ̀rù Ọlọ́run gidi. Ọjọ́ 14 oṣù kìíní ọdún 1890 ni wọ́n bí i ní Hebburn, lẹ́bàá Gateshead ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àdúgbò àwọn awakùsà èédú àti àwọn tó ń kan ọkọ̀ ojú omi. Wọn kì í ṣe olówó. Ọmọ yìí kò fi ìbéèrè rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tó dàgbà, bí ọ̀pọ̀ nínú wa ti máa ń ṣe. Ó gbé e lọ sí London, ó gbé e dé Mozambique àti Burma, ó gbé e padà wálé nígbà tí kò ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́, ó sì wà lẹ́nu rẹ̀ títí ó fi kú ní ẹni ọdún 75. Àwọn tó bá ń kọ̀wé nípa rẹ̀ sábà máa ń ka àmì-ẹ̀yẹ tó gbà. Èmi fẹ́ sọ ohun tí ìbéèrè yẹn là kọjá.

Nílé ẹ̀kọ́ ní Gateshead ni olùkọ́ kan ti fi iṣẹ́ Lord Kelvin hàn án. Kò sí onímọ̀ físíìsì tí orúkọ rẹ̀ ròkè ju ti Kelvin lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé ìgbà náà. Ó ní bí ayé bá ti gbóná yọ́ nígbà kan rí, tó sì ń tutù bọ̀ láti ìgbà náà, a lè fi ìṣirò mọ bó ti pẹ́ tó. Ní 1862, ó ní ó wà láàárín 20 mílíọ̀nù ọdún sí 400 mílíọ̀nù. Nígbà tó fi máa di 1897, ó ti fún un pọ̀: 20 sí 40 mílíọ̀nù péré. Inú àwọn onímọ̀ jiọ́lọ́jì kò dùn sí i. Wọ́n mọ bí erùpẹ̀ ṣe ń pẹ́ tó kó tó di òkúta, àti bí odò ṣe ń pẹ́ tó kó tó gbẹ́ àfonífojì, wọ́n sì rí i pé iye ọdún yẹn kò gbà gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bá Kelvin jiyàn lórí ìṣirò?

Ohun tó wó ìṣirò Kelvin kò tíì sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nígbà tó kọ́kọ́ ṣe é. Ní 1896 ni Henri Becquerel rí i ní Paris pé uranium ń tú ìtànṣán jáde fúnra rẹ̀, láìsí ẹni tó dáná sí i. Kò pẹ́ tí wọ́n fi mọ̀ pé irú àwọn èròjà bẹ́ẹ̀ wà káàkiri inú òkúta, pé wọ́n sì ń mú ooru wá. Ayé kì í kàn ṣe ohun gbígbóná tó ń tutù lọ ṣáá. Ó ní ooru tó ń ti inú rẹ̀ wá. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣì gbóná fẹlifẹli ni Holmes dé London ní 1907, pẹ̀lú owó ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ 60 pọ́n-ùn lọ́dún, láti wá kọ́ físíìsì ní ilé ẹ̀kọ́ tó di apá kan Imperial College lọ́dún yẹn gan-an. Ní ọdún kejì, ó gba kíláàsì jiọ́lọ́jì kan, ọ̀nà rẹ̀ sì yí padà síbẹ̀. Àwọn olùkọ́ rẹ̀ gbà á níyànjú kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Kò gbọ́.

Robert Strutt ló ń tọ́ ọ sọ́nà nínú iṣẹ́ ìwádìí. Gáàsì helium tó há sínú òkúta ni Strutt fi ń wọn ọjọ́ orí, ṣùgbọ́n gáàsì máa ń sá jáde, nítorí náà iye ọdún tó ń rí kì í pé. Holmes dojú kọ òjé. Uranium inú òkúta kì í dúró bó ṣe wà. Díẹ̀díẹ̀ ló ń yí padà títí yóò fi di òjé, ooru inú ilẹ̀ kì í sì í mú un yára, bẹ́ẹ̀ ni ẹrù òkè tó jókòó lé e lórí kì í fà á sẹ́yìn. Bí àmù kan bá ń jò sínú abọ́, tí a mọ bí ẹ̀kán omi ṣe ń já sí, tí a wọn omi inú abọ́, tí a sì wọn èyí tó kù nínú àmù, a ó mọ ìgbà tí àmù náà ti ń jò bọ̀. Èyí tí ń bẹ nínú òkúta ń jò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ju ohun tí ọkàn ènìyàn lè gbé lọ: uranium tó wọ́pọ̀ jù gba nǹkan bí 4.5 bílíọ̀nù ọdún kí ìdajì rẹ̀ tó yí padà.

Bertram Boltwood ní Amẹ́ríkà ti dán irú rẹ̀ wò ní 1907. Ohun tí Holmes fi kún un ni pé ó mú òkúta kan láti Norway, èyí tí àwọn onímọ̀ jiọ́lọ́jì ti mọ ipò rẹ̀ nínú ìtò àwọn ìgbà ayé, ìgbà tí wọ́n ń pè ní Devonian. Kí ìgbà yẹn tó dé, ìtò nìkan ni wọ́n ní: èyí ṣáájú èyí, èyí tẹ̀lé èyí. Kò sẹ́ni tó lè fi iye ọdún sí i. Holmes lọ òkúta rẹ̀ kúnná, ó fi iná yọ́ ọ, ó fi ásíìdì tú u, ó ń sẹ́ ẹ, ó ń wọn òjé tí kò tó nǹkan, bí ìdọ̀tí tàbí òjé láti ibòmíràn bá sì ta sí i, àtìbẹ̀rẹ̀ ni. Ó rí 370 mílíọ̀nù ọdún. Nínú ìwé kan náà, ó ṣírò òkúta láti Ceylon, tí a ń pè ní Sri Lanka lónìí, ó sì rí 1,640 mílíọ̀nù. Ẹni ọdún mọ́kànlélógún ni. Kò tíì sẹ́ni tó mọ̀ pé oríṣiríṣi òjé àti uranium ló wà. 1913 ni Frederick Soddy tó la ọ̀rọ̀ yẹn yé ayé. Síbẹ̀, iye tí Holmes mú wá fún òkúta Norway kò jìnnà sí ibi tí a fi ìgbà Devonian sí lónìí.

Nígbà tí ìwé náà fi máa jáde láàárín 1911, Holmes kò sí ní London mọ́. Gbèsè ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Owó ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ kò tó jẹun, ìmọ̀ tó ń wá kì í sì í sanwó ilé. Ilé-iṣẹ́ kan gbà á láti lọ wá àlùmọ́nì ní Mozambique, ó sì lọ. Oṣù mẹ́fà ló fi rin igbó, kò rí ohun kankan tí ilé-iṣẹ́ náà lè tà. Ohun tó rí ni ibà, ibà tó lágbára débi pé wọ́n ti fi ìròyìn ránṣẹ́ sílé pé ó ti kú. Kò kú. Ó padà sí London pẹ̀lú òkúta Mozambique nínú ẹrù rẹ̀, ibà náà kò sì fi í sílẹ̀ bọ̀rọ̀, ó ń padà wá bá a lẹ́yìn ọdún gbọọrọ.

Nítorí ibà yẹn ni mo ṣe rò pé ó dára kí àwa tí ẹ̀fọn ń jẹ mọ ìtàn ọkùnrin yìí. Nínú ìwé jiọ́lọ́jì, iye ọdún máa ń jókòó sójú ìwé bíi pé ńṣe ló hù níbẹ̀. Ẹnì kan ló lọ òkúta yẹn. Ara ẹni náà máa ń gbóná lóru, ó sì máa ń gbọ̀n.

Ní 1913, lẹ́yìn tí Imperial College ti gbà á síṣẹ́, ó kọ ìwé kékeré kan tó pè ní The Age of the Earth. Níbẹ̀ ló ti sọ pé àwọn òkúta tó dàgbà jù tó tó 1,600 mílíọ̀nù ọdún. Ẹ máa rò pé àwọn onímọ̀ jiọ́lọ́jì yóò jó, torí àwọn ló ti ń bẹ̀bẹ̀ fún àyè lọ́wọ́ Kelvin. Wọn kò jó. Wọ́n ti fara mọ́ nǹkan bí 100 mílíọ̀nù ọdún. John Joly ní Dublin ti fi iyọ̀ inú òkun ṣírò rẹ̀ ní 1899, ó sì rí 80 sí 90 mílíọ̀nù, iye yẹn sì ti bá gbogbo wọn lára mu. Ẹni tó tọrọ omi ife kan ni Holmes gbé odidi odò fún. Ó tó ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ọ̀pọ̀ nínú wọn tó gbà.

Ibi tó tẹ̀ lé e nínú ìgbésí ayé rẹ̀ ló nira jù fún mi láti kọ. Ó ti fẹ́ Margaret Howe ní 1914, wọ́n ti bí ọmọkùnrin kan. Owó iṣẹ́ olùkọ́ kékeré ní yunifásítì kò gbọ́ bùkátà lẹ́yìn ogun àgbáyé kìíní, gbogbo nǹkan ti wọ́n. Ní 1920, ó gba iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ epo rọ̀bì kan ní Burma, ó di olórí àwọn onímọ̀ jiọ́lọ́jì wọn, ó sì kó ìyàwó àti ọmọ lọ. Ilé-iṣẹ́ náà dẹnu kọlẹ̀. Owó oṣù tó yẹ kí ó wọlé kò wọlé. Ìgbẹ́ ọ̀rìn kọ lu ọmọ náà, ó sì kú síbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń múra àtipadà wálé. Wọ́n fi ọmọ sílẹ̀ nínú ilẹ̀ Burma, wọ́n wọ ọkọ̀ padà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láìní nǹkan kan lọ́wọ́.

Ọkùnrin tó ti fi ọjọ́ orí òkúta han ayé kò ríṣẹ́. Ó di oníṣọ́ọ̀bù ní Newcastle, ó ń ta ohun ọ̀ṣọ́ àti ohun àfọwọ́ṣe tó ti ilẹ̀ Éṣíà wá. Mo mọ àwọn tí wọ́n kọ́ jiọ́lọ́jì dáadáa, tí wọ́n gbọ́n jù mí lọ ní kíláàsì, tó jẹ́ pé ọjà ni wọ́n ń tà lónìí. Kò sí àbùkù nínú ọjà títà. Ṣùgbọ́n tí mo bá ti rántí ṣọ́ọ̀bù Newcastle yẹn, ohun tó máa ń wá sí mi lọ́kàn ni iye ènìyàn tí wọ́n wọ irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ tí wọn kò jáde mọ́, àti iye ohun tí wọn ì bá ti sọ fún wa. Ti Holmes dára. Ní 1924, yunifásítì Durham fẹ́ dá ẹ̀ka jiọ́lọ́jì sílẹ̀, wọ́n sì pè é. Òun nìkan ni gbogbo ẹ̀ka náà. Òun ló ń kọ́ni, òun ló ń to àpẹẹrẹ òkúta, òun ló ń ṣe ìwádìí. Wọ́n bí ọmọ mìíràn fún un lọ́dún yẹn.

Ní Durham yìí ló ti ronú kan ohun kejì tó sọ ọ́ di ẹni ńlá. Alfred Wegener, ọmọ Jámánì, ti ń sọ láti 1912 pé àwọn ilẹ̀ ńláńlá ayé ti fìgbà kan wà papọ̀, pé wọ́n sì ti rìn kúrò lára ara wọn. Ó fi bí etíkun Áfíríkà àti ti Gúúsù Amẹ́ríkà ṣe ṣe déédéé hàn, ó fi ẹranko àti ewéko tó ti kú di òkúta hàn. Ohun tí kò ní ni agbára tó ń tì wọ́n. Kí ló lè gbé odidi Áfíríkà rìn? Nítorí ìbéèrè yẹn ni ọ̀pọ̀ fi lé e dànù, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà.

Holmes ti ń ronú nípa ooru inú ayé láti ìgbà tó wà lọ́mọ ilé ẹ̀kọ́. Ó mọ̀ pé uranium, thorium àti potassium ń mú ooru wá láìdáwọ́dúró, pé ooru yẹn sì gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà àbájáde. Ó ní apá tó nípọn lábẹ́ èèpo ilẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ òkúta, ń ṣàn, díẹ̀díẹ̀ tí ojú kò lè rí: èyí tó gbóná ń gòkè, ó ń yà sọ́tùn-ún sósì lábẹ́ èèpo ilẹ̀, èyí tó ti tutù ń rì padà. Ibi tó ti ń gòkè, ó lè fa ilẹ̀ ya sí méjì kí òkun tuntun ṣí sáàárín. Ibi tó ti ń rì, ó ń fa èèpo òkun wọlẹ̀. Ó sọ èyí fún àwọn onímọ̀ jiọ́lọ́jì ní Scotland ní nǹkan bí ìparí 1927, Ẹgbẹ́ Jiọ́lọ́jì Glasgow sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1931. Wegener ti kú ní Greenland nínú yìnyín ní 1930.

Ẹni tó tako àbá yìí jù ni Harold Jeffreys ní Cambridge, ẹni tí ìṣirò rẹ̀ ń ba àwọn ènìyàn lẹ́rù bí ti Kelvin nígbà kan. Ó ní òkúta inú ilẹ̀ le jù láti ṣàn. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé ìpínlẹ̀ Durham kan náà ni wọ́n ti bí àwọn méjèèjì, ọdún kan ló sì wà láàárín ọjọ́ orí wọn. Jeffreys kú ní 1989 láìgbà, nígbà tí gbogbo ayé ti gbà. N kò sọ èyí láti fi í ṣẹ̀sín. Ọ̀mọ̀wé ńlá ni, ìbéèrè rẹ̀ sì tọ́ nígbà tó béèrè rẹ̀. Holmes fúnra rẹ̀ kò pariwo pé òun ti jàre. Ó ń pe àbá rẹ̀ ní àbá, ó ní kò tíì sí ẹ̀rí tó tó. Nínú iṣẹ́ ìmọ̀, mo ka irú ẹni bẹ́ẹ̀ sí ju ẹni tó jàre tó sì ń fọ́nnu lọ.

Margaret kú ní 1938. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e ni Holmes fẹ́ Doris Reynolds, onímọ̀ jiọ́lọ́jì tó ti ń kọ́ni ní Durham láti 1933. Ẹ má ṣe rò pé obìnrin yìí kàn wà lẹ́yìn ọkọ rẹ̀. Bí granite, akọ òkúta, ṣe ń di granite ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó gbà pé òkúta mìíràn lè yí padà di granite láìjẹ́ pé ó yọ́, ó sì bá àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ọkùnrin jà lórí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìfi ẹnu gbẹ́lẹ̀. Apá tó pọ̀ nínú ìjà yẹn ni kò bọ́ sí i lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó mú kí gbogbo wọn wo granite dáadáa sí i. Ẹgbẹ́ Jiọ́lọ́jì ti London fún un ní àmì-ẹ̀yẹ Lyell ní 1960.

Ogun àgbáyé kejì ló bí ìwé Holmes tí ayé mọ̀ jù. Wọ́n ní kó máa kọ́ àwọn ọmọ ológun òfurufú ní jiọ́lọ́jì ní kíákíá. Lóru, nígbà tí wọ́n bá fi í ṣọ́ ilé nítorí bọ́ǹbù àti iná, ó ń kọ̀wé. Ní 1944, Principles of Physical Geology jáde, ojú ìwé tó lé ní 500. Ó ti bọ́ sí Edinburgh ní ọdún tó ṣáájú, ó ti di ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà níbẹ̀. Ẹ̀dà ìwé yẹn kan wà nílé ẹ̀kọ́ tí mo lọ, tí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, tí a ń tò dúró láti yá. Bí ẹni tó ń bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀ ló ṣe kọ ọ́: odò, aṣálẹ̀, yìnyín, òkè oníná, ìmìtìtì ilẹ̀. Orí tó fi parí ìwé náà dá lórí ìrìn àwọn ilẹ̀ ńláńlá, pẹ̀lú àwòrán bí abẹ́ ilẹ̀ ṣe ń ṣàn. Ní 1944, ọ̀pọ̀ olùkọ́ ni kò jẹ́ kí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dé etí akẹ́kọ̀ọ́ wọn. Holmes fi í sínú ìwé àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.

Kò sì gbàgbé ìbéèrè rẹ̀ àkọ́kọ́. Alfred Nier ní Amẹ́ríkà ti fi ẹ̀rọ tuntun ya oríṣiríṣi òjé sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Holmes mú àwọn iye tí Nier tẹ̀ jáde, ó fi ìṣirò rìn padà lọ sí ìgbà tí òjé ayé kò tíì gba àfikún kankan láti ara uranium. Ní 1946, ó ní ayé tó nǹkan bí 3,000 mílíọ̀nù ọdún. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó ní 3,350 mílíọ̀nù. Fritz Houtermans ní Jámánì ṣe ìṣirò kan náà láìmọ̀ pé Holmes ń ṣe é, títí di òní sì ni wọ́n fi orúkọ àwọn méjèèjì pè é. Ọ̀nà yẹn ni Clair Patterson gbà ní Amẹ́ríkà, tó fi kún un òjé inú òkúta tó já láti ojú ọ̀run, tó sì fi kéde ní 1956 pé ọjọ́ orí ayé jẹ́ 4,550 mílíọ̀nù ọdún, ó lè fi 70 mílíọ̀nù dín, ó lè fi lé. Iye yẹn là ń lò títí di òní, pẹ̀lú àtúnṣe kékeré.

Àwọn kan á máa fi èyí ṣe ẹ̀rí pé àwọn onímọ̀ kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ: lónìí 1,600 mílíọ̀nù, lọ́la 3,000, lọ́tunla 4,550. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ènìyàn mi, mo sì ti gbọ́ ọ lórí àga ìwàásù. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an. Ní 1913, Holmes ń sọ̀rọ̀ nípa òkúta tó dàgbà jù tó tíì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Bí òkúta mìíràn tó dàgbà jù ú bá jáde, iye náà gbọ́dọ̀ gòkè. Nígbà tí ẹ̀rọ dára sí i, tí wọ́n ya òjé sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó gbọ́dọ̀ tún gòkè. Kò fìgbà kan padà sí 100 mílíọ̀nù. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe fún ìtò àwọn ìgbà ayé: ní 1947, ó fi ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà Cambrian, tó ṣáájú Devonian, sí 510 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn; ní 1960, ó tún un ṣe sí 600 mílíọ̀nù, pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀, ní gbangba. Lónìí, 538.8 mílíọ̀nù la ń kọ. Ẹni 70 ọdún tó tún iye ara rẹ̀ ṣe nínú ìwé, tí kò dúró kí ọmọdé kan wá tú u fó! N kò mọ ohun tí mo lè bọ̀wọ̀ fún jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mozambique tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á, kò fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 1951, Holmes tẹ ìwé kan jáde nípa àwọn ẹ̀wọ̀n òkè àtijọ́ ní gúúsù àti àárín gbùngbùn Áfíríkà, àwọn òkè tó ti ga rí, tí òjò àti afẹ́fẹ́ ti jẹ tán, tó jẹ́ pé gbòǹgbò wọn nìkan ló kù nínú òkúta. Ọjọ́ orí ló fi yà wọ́n sọ́tọ̀, èwo ló ṣáájú, èwo ló tẹ̀ lé e. Ọ̀kan nínú wọn gba etíkun ìlà-oòrùn lọ sókè, láti ilẹ̀ tó ti fi ẹsẹ̀ rìn lọ́mọ ọdún mọ́kànlélógún. Ó pè é ní Mozambique Belt, orúkọ náà ni gbogbo ayé sì ń pè é.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá nílé. Ní 1964, W. Q. Kennedy ní Leeds fi hàn pé ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà ni ooru àti ìfúnpá ńlá bá ní àkókò kan náà, nǹkan bí 500 sí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Ó pe àkókò náà ní Pan-African. Mozambique Belt wà nínú rẹ̀. Ilẹ̀ Yorùbá wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, àti Benin, àti Togo. Akọ òkúta tí ẹ ń rí ní Ìdànrè, tó ga sókè bí ògiri, ìgbà yẹn ni ó yọ́ tó sì dì. Uranium àti òjé inú àwọn hóró zircon rẹ̀, èròjà òkúta kékeré tó le, ni wọ́n fi mọ̀, ọ̀nà tí Holmes là ní 1911. Mo ti dúró lẹ́sẹ̀ òkè yẹn pẹ̀lú òòlù lọ́wọ́, bíi gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ jiọ́lọ́jì ìhà wa, orúkọ rẹ̀ sì wà lọ́kàn mi.

Àwọn àmì-ẹ̀yẹ wá pẹ́, wọ́n sì wá papọ̀: Wollaston ní London àti Penrose ní Amẹ́ríkà, méjèèjì ní 1956, ọdún tó fẹ̀yìn tì ní Edinburgh, Vetlesen ní 1964. Ó lo okun tó kù lára rẹ̀ lórí àtúntẹ̀ ìwé rẹ̀, èyí tó jáde ní 1965 pẹ̀lú ojú ìwé tó lé ní 1,200. Nígbà náà, àwọn tó ń wádìí ìsàlẹ̀ òkun ti ń rí ohun tó sọ ní Scotland: pé ilẹ̀ ìsàlẹ̀ Àtìláńtíìkì ń ya láàárín, tó ń fẹ̀ sí i. Holmes kú ní London lọ́jọ́ 20 oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Patrick Hurley láti Amẹ́ríkà àti àwọn ará São Paulo tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ dán nǹkan kan wò. Ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, wọ́n mọ̀ pé ààlà kan wà: lápá kan rẹ̀, òkúta tó nǹkan bí 2,000 mílíọ̀nù ọdún, lápá kejì, tiwa yìí, èyí tí Pan-African ti bá fínra. Ààlà náà wọ inú òkun lẹ́bàá Accra. Bí Wegener àti Holmes bá jàre, tí a bá so Brazil padà mọ́ Áfíríkà, ààlà náà gbọ́dọ̀ tún jáde lẹ́bàá São Luís. Wọ́n wọn ọjọ́ orí òkúta níbẹ̀. Ààlà náà wà níbi tí wọ́n sọ pé yóò wà, 2,000 mílíọ̀nù lápá kan, nǹkan bí 550 lápá kejì. Ilẹ̀ tí wọ́n kó àwọn ènìyàn wa lọ lẹ́rú àti ilẹ̀ tí wọ́n ti kó wọn, ilẹ̀ kan ni wọ́n tẹ́lẹ̀ rí, kí òkun tó ṣí sáàárín wọn. Iṣẹ́ méjèèjì tí Holmes fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe, ọjọ́ orí òkúta àti ìrìn ilẹ̀, pàdé nínú ìwádìí kan yẹn. Ó dùn mí pé kò kà á.

Doris ṣì wà láyé nígbà náà. Ní 1978, nígbà tó fi tún ìwé ọkọ rẹ̀ ṣe fún ìtẹ̀jáde ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ ìrìn ilẹ̀ kì í ṣe àbá mọ́.